Páàdì Tó Há

Akin ni mo máa pè é. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ní gbàgede ilé-ìwé wa ní Àkúrẹ́ tí ẹ ké pe "Akin!", ọmọkùnrin tó máa yíjú kò ní dín ní ogún, nítorí náà àṣírí ọmọ náà bò. Ọmọ ọdún 14 ni, kíláàsì JSS 3 ló wà. Èmi ni olùdámọ̀ràn ilé-ìwé; Àńtí Káńsẹ́lọ̀ ni àwọn ọmọ ń pè mí. Mo gba àṣẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àti lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ kí n tó kọ èyí.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ní táàmù kejì ni ìyá méjì wọ ọ́fíìsì mi lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì. Ọ̀kan fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Báńdéèjì wà lókè ojú ọ̀tún ọmọ náà. Wọ́n ti rán ojú egbò ní abẹ́rẹ́ mẹ́rin. Ìyá kejì ni ìyá Akin, tó ń ta ata àti tòmátì ní Ọjà Ọba. Akin alára dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi bàtà kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò gùn. Ní Sátidé tó ṣáájú, ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan lójú ọ̀nà Ọ̀dà, Akin la páàdì, ohun ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí géèmù, mọ́ ọmọ náà lójú. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, wọ́n sì jọ máa ń lọ síbẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ dà, onígéèmù sáré gbé ọmọ lé ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn. Owó ìtọ́jú ni àwọn ìyá méjèèjì kọ́kọ́ ń pariwo lé lórí.

Ìdí tí ó fi là á mọ́ ọn lójú wá ńkọ́? Kí n tó jókòó, gbogbo ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì ti ní ìdí lọ́wọ́.

"Àwọn géèmù apànìyàn wọ̀nyẹn ni," ìyá ọmọ tó farapa ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìyá Akin máa jiyàn. Kò jiyàn, ó tilẹ̀ fi kún un: "Àńtí, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọ mi kì í jà tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ti ń fa orí ènìyàn yọ tòun ti eegun ẹ̀yìn, òun ni mo bá a tó ń wò lórí fóònù. Nǹkan inú rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lára."

Mortal Kombat ló ń sọ. Ó yà mí lẹ́nu pé ó rántí eegun ẹ̀yìn yẹn, nítorí òun gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ọdún 1992 ni géèmù náà jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, àwọn sẹ́nétọ̀ ilẹ̀ náà jókòó lé e lórí, ohun tó sì tìdí ìjókòó yẹn yọ ni àmì ọjọ́-orí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ páálí géèmù láti ọdún 1994. Lónìí, E wà fún tọmọdé tàgbà, T fún ẹni tó ti pé ọdún 13, M fún ẹni tó ti pé ọdún 17. Ìyá Akin kò rí lẹ́tà kankan rí. Báwo ló ṣe máa rí i? Géèmù tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa kì í ní páálí. Inú hard drive ẹnì kan ni wọ́n ti ń dà á sínú ti ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti orí fóònù sí fóònù.

Igbákejì ọ̀gá àgbà gbọ́ ariwo, wọ́n yọjú. Ìdájọ́ tiwọn kúrú: ẹgba méjìlá lójú gbogbo ilé-ìwé, kí a sì kéde pé ọmọ tí a bá tún rí ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, kó máa lọ sílé. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko ẹ̀yìn yàrá sáyẹ́ǹsì láti òní lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà.

Èmi náà rò pé géèmù ni, kí n má purọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Òkè Àró, bí fíìmù Ṣáínà bá parí, a kì í rìn délé kí ẹnì kan tó fi ẹsẹ̀ gbá ẹlòmíràn láyà. Àwọn àgbà ní fíìmù ni, ta ni máa bá wọn jiyàn? Ìròyìn tó wà lórí mi ni pé kí n kọ ojú ìwé kan àbọ̀ pé géèmù ló ba ọmọ jẹ́, kí n fi sínú fáìlì, kí n lọ jẹun.

Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí a jáde, mo gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà.

Yàrá kan ṣoṣo ni, kò tóbi ju ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ. Kọ́tíìnì ankárá tó ti ṣá ló rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà dípò ilẹ̀kùn. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, bẹ́ǹṣì mẹ́rin, ooru. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn fèrèsé, èéfín rẹ̀ sì ń gba abẹ́ kọ́tíìnì wọlé. Wọ́n fi máákà kọ nǹkan sára páálí kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri: SET KAN ₦200. LOSER PAY. KÒ SÍ ÀWÌN. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá pàdánù ló máa sanwó.

Onígéèmù náà kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ibi tí mo ti wá, ó sì jọ pé ó ti ń retí ọlọ́pàá. Mo ní kó fi géèmù tí àwọn ọmọ náà ń ṣe lọ́jọ́ yẹn hàn mí, èyí tí wọ́n ti ń gé orí.

"Orí kẹ̀? Àńtí, bọ́ọ̀lù ni o. FIFA ni wọ́n ń gbá."

Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó pe ọmọ kan lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ náà ní bọ́ọ̀lù ni. Mortal Kombat wà lóòótọ́, lórí tẹlifíṣọ̀n igun lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ yunifásítì méjì ló sì ń gbá a lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbá a tán, wọ́n bọwọ́, wọ́n lọ.

Mo jókòó. Mo ní kí wọ́n fún mi ní páàdì tí Akin lò. Ó ti ní téèpù dúdú lára, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ìyẹn bí a bá lè pè é ní iṣẹ́: mo ta igi kékeré tó wà lápá òsì síwájú, ẹni tí mo ń darí yà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń rìn kúrò lórí pápá bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè. "Ó máa ń há," ni onígéèmù sọ. "Ẹni tó bá pẹ́ dé ló máa ń bọ́ sí lọ́wọ́." Ọmọ kan tí kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ gba páàdì kejì, èyí tó dára. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti gbá góòlù márùn-ún wọlé mi. Ní ẹ̀karùn-ún ó wo ojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa sanwó o," gbogbo bẹ́ǹṣì sì bú sẹ́rìn-ín.

Etí mi gbóná. Ọmọ ọdún 41 ni mí, mo ní dìgírì méjì, igba náírà ni. Etí mi gbóná síbẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn olùwádìí kọ. Nǹkan tí mo kọ́kọ́ bá pàdé ti ọ̀rọ̀ àwọn ìyá lẹ́yìn. Ní ọdún 2000, Craig Anderson àti Karen Dill jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe Wolfenstein 3D, níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn, kí àwọn mìíràn sì ṣe Myst, tí kò ní ìjà nínú. Lẹ́yìn náà wọ́n fi eré ìdíje kan sí i, níbi tí ẹni tó bá jáwé olúborí ti lè rọ ariwo sí ẹnì kejì létí. Ariwo àwọn oníbọn pẹ́ jù. Ìwádìí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á délẹ̀, mo rí ohun tí wọn kì í sọ lórí rédíò: ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù tán ni ìyàtọ̀ náà ti yọ.

Ìyẹn ló mú kí n wá tàwọn tó dojú kọ pípàdánù gan-an. Ọdún 2014 ni Andrew Przybylski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí tí mo fẹ́ràn jù. Tetris ni wọ́n lò, eré bíríkì tó ń já bọ́ láti òkè, èyí tí gbogbo wa ní nígbà tí brick game lóde. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú Tetris. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí olúkúlùkù ki ọwọ́ bọ omi tútù tó ń ro ni lára fún ìṣẹ́jú-àáyá 25. Lẹ́yìn náà wọ́n fún àwọn kan ní Tetris tí bọ́tìnnì rẹ̀ dára, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò bá ọwọ́ mu. Wọ́n wá bi wọ́n pé: ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, kí ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ tó nínú omi yìí? Àwọn tí bọ́tìnnì ń dà láàmú fi bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lé ti àwọn yòókù. Mo ka ibẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rántí ẹni tí mò ń darí tó ń rìn kúrò lórí pápá.

Akin wá sí ọ́fíìsì mi ní Fráídè, ọwọ́ rẹ̀ ti lé roro láti ibi koríko. Mi ò bi í nípa ìjà. Mo ní mo lọ gbá bọ́ọ̀lù lọ́nà Ọ̀dà, wọ́n sì jẹ mí ní 5-0. Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Páàdì wo ni wọ́n fún yín, mà?"

"Onítéèpù."

Ó mi orí bí àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn ọ̀rọ̀ ń jáde. Set mẹ́rin ló pàdánù léraléra lọ́jọ́ Sátidé náà, pẹ̀lú páàdì kan náà, ₦800. Owó ìwé Maths tí ìyá rẹ̀ fún un ni. Nígbà tó pàdánù ìkíní, ó gbá èkejì kó lè gba owó náà padà. Ẹ̀yin tó bá ti ta tẹ́tẹ́ rí mọ ìyókù. Ní ẹ̀kẹrin, ọmọ kejì dìde, ó ń jó níwájú rẹ̀, ó fi ìka ti orí rẹ̀, ó ní, "Ọmọ aláta, lọ bá màmá ẹ lọ ata."

Mo bi í nípa Mortal Kombat. Ó rò ó dáadáa kó tó dáhùn. "Ìyẹn, wọ́n lè fa orí mi yọ báyìí, màá tún bẹ̀rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé eré ni. Bọ́ọ̀lù yẹn kì í ṣe eré, mà. Owó wà níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ayò mọ̀ pé ìfiniṣẹ̀sín kò bá géèmù dé. Ọ̀ta, ẹni tó ń borí, á máa kọrin mọ́ ọ̀pẹ, ẹni tó ń pàdánù, á pe ọwọ́ rẹ̀ ní ọwọ́ obìnrin tó ń gúnyán, á pe orí rẹ̀ ní agbè. Bàbá mi àgbà máa ń bú ènìyàn sídìí ayò débi pé mo máa ń rò pé wọn kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà mẹ́ta mẹ́rin máa ń wà ní ìdúró, bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ le, ọ̀kan á ní "ó tó," ọmọ ayò á sì padà sínú ihò. Ní ọ̀nà Ọ̀dà, àgbà tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó ń gba ₦200.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á dùn mọ́ mi lẹ́nu jù. Nítorí náà mo bi Akin ohun tó kù. Ó ní òun máa ń ṣe GTA, géèmù àwọn ọ̀daràn, lórí fóònù ẹ̀gbọ́n òun lálẹ́, abẹ́ aṣọ ìbora, títí di aago méjì. Lẹ́tà M ló wà lára ìyẹn náà, ọmọ 14 sì ni. Mo tún bi í ibi tó ti rí i rí pé ènìyàn sọ ohun tó wà lọ́wọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Orúkọ géèmù ni mò ń retí.

"Rìmóòtù," ó sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ni. Alẹ́ ọjọ́ kan tí kíléèbù tó ń tì lẹ́yìn pàdánù, rìmóòtù fò, ó sì ba Akin léjìká. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, mi ò fi nǹkan kan kún un.

Ìyá Akin wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn ọjà. Mo sọ fún wọn pé àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bá ara wọn fà á. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, APA, sọ ní oṣù Kẹta ọdún 2020 pé ẹ̀rí kò tó láti sọ pé géèmù oníjà ló ń sọ ènìyàn di oníwà ipá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bá pípariwo mọ́ni àti títaari ènìyàn tan díẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí mìíràn kó ìwádìí 24 jọ, tí àwọn ọ̀dọ́ inú wọn ju 17,000 lọ, wọ́n rí i pé àwọn tó ń ṣe géèmù oníjà fi díẹ̀ ń jà ju àwọn tí kì í ṣe é lọ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wo ọmọ ọdún 14 àti 15 tí iye wọn jẹ́ 1,004, àwọn òbí ló sọ bí ìwà wọn ṣe rí, wọn kò sì rí nǹkan kan tó so géèmù oníjà pọ̀ mọ́ ìwà jàgídíjàgan.

Mo rí i pé nọ́ńbà wọ̀nyí ń kọjá lórí wọn bí afẹ́fẹ́. Mo wá rántí èyí tó máa yé wọn. Ní Kánádà, lọ́dún 2011, Paul Adachi àti Teena Willoughby fẹ́ mọ èwo ló ń múni bínú, ìjà inú géèmù ni tàbí ìdíje. Ẹ̀yin mọ ohun tí wọ́n fi wọn ìbínú? Ata ni. Bí ènìyàn bá ṣe géèmù tán, wọ́n á ní kó bu ọbẹ̀ ata fún ẹlòmíràn tí wọ́n ti sọ fún un pé kò fẹ́ ata rárá. Bí ata ṣe ta tó, bó ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbínú ṣe tó. Géèmù oníjà àti géèmù eré ìje mọ́tò tí ìdíje wọn bára mu, ata wọn kò yàtọ̀. Èyí tí ìdíje rẹ̀ gbóná ni ata rẹ̀ pọ̀, ìjà ìbáà wà nínú rẹ̀ tàbí kó má sí.

Ìyá Akin kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, tí ìborùn fi já bọ́ lórí wọn. "Ata? Ata tí mò ń tà yìí? Kí wọ́n wá sídìí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ tí tòmátì bá wọ́n, wọ́n á rí ìbínú wọn." Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, wọ́n ní, "Àńtí, ó ní ọmọ aláta? Ohun tó sọ nìyẹn?" Wọn kò tíì gbọ́ ọ títí di ìgbà náà. Akin kò sọ ọ́ fún wọn.

Bàbá Akin wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Awakọ̀ ni, Àkúrẹ́ sí Èkó, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. A sọ̀rọ̀ nípa owó ìtọ́jú, ó ní òun á san án lẹ́ẹ̀mejì. A sọ̀rọ̀ nípa fóònù alẹ́, ó ní òun á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ní aago mẹ́sàn-án bí òun bá wà nílé, ìyá rẹ̀ ní òun á gbà á bí kò bá sí. Mo dé orí rìmóòtù. Ó wo ògiri títí. Ó ní, "Ó sọ ìyẹn?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì tì í.

Onígéèmù gbà pé ọmọ tó bá wọ aṣọ ilé-ìwé kò ní wọlé mọ́. Ó ju páàdì onítéèpù nù lójú mi. Nípa lúúsà-pé, ó kọ̀ jálẹ̀: "Àńtí, bí mo bá yọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù òdìkejì ni gbogbo wọn máa lọ lọ́la." Mi ò rí èsì fún un. Akin àti ìyá rẹ̀ lọ sílé ọmọ kejì láti tọrọ àforíjì. Ọmọ náà sì tọrọ tirẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ata, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ gbá a létí níwájú àlejò. Ìyẹn kò sí nínú ètò mi.

Mo kọ ìròyìn mi fún igbákejì ọ̀gá àgbà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ọdún 14 kò yẹ kó máa ṣe géèmù tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún 17, pé àìsùn rẹ̀ ń fa ìkanra, àti pé ìjà ọjọ́ Sátidé náà kò tìdí géèmù oníjà yọ. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Nítorí náà bọ́ọ̀lù ni kí n fòfin dè?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò kéde nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n ránṣẹ́ pè mí ní àkókò ìsinmi. Akin ti dojú pátákó lúdò dé nínú kíláàsì. Ẹnì kan ti jẹ ọmọ rẹ̀ nígbà tó ku ojú méjì kó wọlé, àwọn yòókù sì hó lé e lórí. Nígbà tí mo débẹ̀, kò sí ìjà. Ọmọ tó jẹ ẹ́ ti padà jókòó sáyè rẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Akin wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àga, ó ń ṣa àwọn ọmọ lúdò náà sínú àtẹ́lẹwọ́, ó ń kà wọ́n ní àwọ̀ àwọ̀: àwọ̀ ewé mẹ́rin, yẹ́lò mẹ́rin, búlúù mẹ́rin, pupa mẹ́ta. Ó rí mi, kò dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gbé ẹsẹ̀." Mo gbé e. Kò sí níbẹ̀. Agogo lù, àwọn yòókù ń to ìwé jáde, ó sì ṣì ń fi ọwọ́ wá pupa kan lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.